Ohun Tí Kò Sí Nínú Ìwé

Orúkọ ètò mọ́kànlélógún ni kọ̀ǹpútà tò síwájú Monísọ́lá, ó sì ń bi í bóyá kí òun yọ gbogbo wọn kúrò. Èéfín ń gba ojú fèrèsé wọlé. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń sun pàǹtírí lẹ́yìn ọ́fíìsì, ó sì ń rùn bí ike tó ń jóná, ṣùgbọ́n Monísọ́lá kò ráyè dìde wò ó.

Ìgbìmọ̀ olùdarí ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni náà ń bọ̀ ní agogo méjì ọ̀sán. Ọ̀gá Pius, akọ̀wé àgbà, ti pàṣẹ pé kí gbogbo nǹkan mọ́: kí wọ́n gé koríko, kí wọ́n sun fáìlì tó ti gbó, kí wọ́n dá òṣìṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé dúró. Àfi bí ẹni pé ilẹ̀ nìkan ni àlejò ń wá wò ní Ìkẹ́rẹ́. Ó ní kí Monísọ́lá tó ń tẹ̀wé fún un náà tún inú kọ̀ǹpútà ṣe, torí ó ti kún dẹ́nu, èsì ìdánwò àṣekágbá kò sì ṣeé tẹ̀ jáde mọ́. Bí ìgbìmọ̀ kò bá fọwọ́ sí èsì náà lónìí, kò sí akẹ́kọ̀ọ́ kan tí wọn yóò dá lóhùn níbi tí ìjọba ti fẹ́ gba olùkọ́ ní Adó lọ́la. Igba ó lé mẹ́tàlá ni wọ́n, Ọpẹ́olúwa àbúrò rẹ̀ sì wà nínú wọn.

Linux, ètò tó ń darí ẹ̀rọ, ni kọ̀ǹpútà yìí ń lò, Bàbá Fáníyì ló gbé e wá. Ọmọ Emùré ni. Ó ra àwo sídì mẹ́ta tí àwọn ètò náà wà nínú wọn ní Ìbàdàn, ó fi jí ẹ̀rọ tí gbogbo èèyàn ti pa tì dìde, ó wá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ètò kékeré kan tó ń ka máàkì jọ. Ọdún mẹ́rin ló fi ṣiṣẹ́ láìgba lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́. Àná ni wọ́n dá a dúró. Monísọ́lá ló fi táìpù tẹ ìwé ìdádúró náà, orúkọ baba yìí ló sì kọ́kọ́ tẹ̀.

Abèèrè kì í ṣìnà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú wo ni yóò fi wò ó? Ó ń gbọ́ tí Bàbá Fáníyì ń kó ẹrù sí páálí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìtìjú kò jẹ́ kó jáde.

Kọ̀ǹpútà náà ní ìwé orúkọ tirẹ̀, níbi tó ń kọ ètò tó gbára lé òmíràn sí. Ìwé ọ̀hún ní kò sí ẹni tó gbára lé mọ́kànlélógún wọ̀nyí. Monísọ́lá dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, kó yọ wọ́n. Ó tún pa àwọn ẹ̀dà tí à bá fi dá wọn padà rẹ́, kí àyè lè gbà dáadáa.

Àyè gbà. Ó pe ètò máàkì, kò jẹ́. Ètò náà ní òun ń wá ohun kan, òun ò rí i. Monísọ́lá mọ orúkọ ohun náà: òun ló ṣe ìkeje nínú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Ètò tí Bàbá Fáníyì fọwọ́ kọ kò sí nínú ìwé, kọ̀ǹpútà kò sì mọ̀ pé ó gbára lé nǹkan kan. Agogo kan ọ̀sán ti lù.

Ẹnu géètì ló ti bá baba náà, níbi tó ti ń dúró de ọ̀kadà. Ó kúnlẹ̀, ó jẹ́wọ́. Bàbá Fáníyì kò bínú, ìyẹn gan-an ló sì bà á lẹ́rù.

"Kọ̀ǹpútà bi ọ́ kí o tó yọ wọ́n?"

"Ó bi mí, sà."

"Ó sàn. Èmi, wọn ò bi mí."

Monísọ́lá bẹ̀ ẹ́ pé àwo sídì kejì nìkan lòun fẹ́, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti tó láti dá ohun tóun yọ padà. Baba náà ṣí páálí fún un. Bàtà kan, ife kan, Bíbélì, agbòjò.

"Wọ́n tú ẹrù mi láàárọ̀, kí n má baà kó nǹkan wọn lọ ulé. Mo ní tèmi làwọn àwo yẹn. Ọ̀gá Pius ní kò sí nínú ìwé, kí wọ́n kó wọn mọ́ pàǹtírí."

Ọ̀kadà dé, ó gbé e lọ sọ́nà Emùré. Mọ́tò àlejò àkọ́kọ́ yà wọlé lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti gbá mọ́ tónítóní. Monísọ́lá ṣì wà lórí eékún nígbà tí afẹ́fẹ́ gbé èéfín náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, òórùn ike kan náà, èyí tí kò ráyè dìde wò láti àárọ̀.