Orúkọ Tí Adétọ́lá Gbé Dé Ọ̀fà

Ó ti di ọdún mẹ́rin báyìí tí Adétọ́lá máa ń ki aṣọ mẹ́ta bọ inú báàgì nígbàkigbà tí ilé-ìwé bá gba ìsinmi, tí á gbé e kọ́ ẹ̀yìn, tí á sì forí lé ìlú tí kò dé rí. Olùkọ́ ni l'Ákùúrẹ́, owó olùkọ́ sì ni owó olùkọ́, ẹ má jẹ́ ká fẹnu bà á. Ilé àlejò tó bá dínwó jù lọ ló máa ń sùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì ni ọkọ̀ rẹ̀. Ṣọlá ọkọ rẹ̀ kì í bá a lọ. Ó ní òun ò lè filé sílẹ̀ kóun lọ máa fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ nílùú onílùú. Àmọ́ kò dá a dúró rí, torí ó mọ ohun tí ìyàwó rẹ̀ ń wá kiri.

Kì í ṣe òkè, kì í ṣe odò. Ọjọ́ kan péré tí ẹnikẹ́ni ò ní bi í pé, "Àwọn ọmọ ńkọ́?" ni Adétọ́lá ń wá. Ọdún kẹsàn-án rèé tí wọ́n ti ṣègbéyàwó, ọmọ ò tíì dé. Wọ́n ti rí dókítà, wọ́n ti gbàdúrà, wọ́n sì ti fi ìyókù lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Èyí tó ń rẹ̀ ẹ́ jù nínú gbogbo rẹ̀ ni kíkí. Ta ló mọ bí wọ́n ṣe ń kí abilékọ nílẹ̀ Yorùbá láìbéèrè ọmọ? Ẹni tó ń ta búrẹ́dì á béèrè, ẹni tó ń gba owó ọkọ̀ á béèrè, wọn ò sì ní ibi lọ́kàn, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó burú, torí kò sẹ́ni tí èèyàn lè bá jà. Bó bá ní wọn ò tíì dé, wọ́n á da àdúrà bò ó lórí nígbangba. Bó bá ní wọ́n wà dáadáa, á di òpùrọ́.

Ní Iléṣà, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ò tíì lù tí wọ́n ti béèrè. Ní Ìkirun, obìnrin kan tó rí báàgì lẹ́yìn rẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní ẹrù ló pọ̀n yìí, ọmọ wá ńkọ́? Adétọ́lá bá a rẹ́rìn-ín títí ó fi yà ní kọ̀rọ̀, ibẹ̀ ló ti sunkún díẹ̀.

Nígbà tó wá kan Ọ̀fà, ó dá ọgbọ́n. Ó wọ ṣòkòtò jíǹsì, ó wọ bàtà kánfáàsì, ó sì dé fìlà ọ̀dọ́. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni, àmọ́ ara rẹ̀ kéré, ojú rẹ̀ ò sì gbó. Ẹni tó bá rí i lókèèrè á ní akẹ́kọ̀ọ́ Poli ni.

Ọgbọ́n náà jẹ́. Láti aago méje tó ti jáde nílé àlejò tó wà lẹ́bàá gáréèjì ni àwọn oníkẹ̀kẹ́ ti ń dúró tì í, tí wọ́n ń ké "Poli, Poli, ó ku ẹnì kan." Ó ń juwọ́ sí wọn pé ẹsẹ̀ lòun fẹ́ fi rìn. Ọ̀kan nínú wọn wo bàtà rẹ̀, ó wo báàgì, ó ní bó bá jẹ́ owó ni ò sí, kó wọlé jàre. Alhaja kan tó ń to ọ̀dùnkún kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Ọjà Owódé pè é lọ́mọ òun, ó bi í bóyá ìdánwò ti bẹ̀rẹ̀, ó sì kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ fi ebi wọlé ìdánwò. Káàkiri ìgboro, ọmọ ni wọ́n ń pe òun fúnra rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè tirẹ̀.

Ẹsẹ̀ Adétọ́lá wá fúyẹ́. Ó kọjá níwájú ààfin, ó dúró wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì kọ ọdún 1957 sí lórí, ó ya fọ́tò ewúrẹ́ kan tó sùn fọnfọn sórí bẹ́ǹṣì baba onítẹ́lọ̀, tí baba náà sì ń dúró ránṣọ kó má bàa jí i. Ó tẹ̀ síwájú lọ́nà Ìjàgbò títí oòrùn fi lé e padà. Nígbà tó fi máa dé ẹ̀gbẹ́ ibùdókọ̀ ojú irin, aago mẹ́wàá ti kọjá, ebi sì ti ń pa á gan-an. Ó bi ọkùnrin kan tó ń tún bàtà ṣe pé níbo lèèyàn ti lè jẹun tí kò wọ́n. Ọkùnrin náà ní kó kọjá irin, kó yà sọ́wọ́ òsì, á rí àtíbàbà, ibẹ̀ ni ìyá kan ti ń ta oúnjẹ, àjẹyó sì ni.

Adétọ́lá kọjá irin, ó yà sọ́wọ́ òsì, ó sì rí àtíbàbà lóòótọ́. Àwọn èèyàn jókòó sórí àga rọ́bà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n ń jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín. Àlejò lójú, kò fi ríran. Ká ní ó fi ara balẹ̀ ni, ì bá rí i pé aṣọ tí wọ́n wọ̀ kì í ṣe aṣọ bùkà, pé kò sì sẹ́ni tó ń béèrè ṣéńjì lọ́wọ́ ẹnì kankan. Ká ní ó tún rìn díẹ̀ sí i ni, ì bá rí àtíbàbà kejì, níbi tí ìyá olóúnjẹ ti ń lé eṣinṣin. Àmọ́ ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ó bọ́ báàgì sílẹ̀, ó jókòó.

Ìkómọ ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ọmọ obìnrin tí ìyàwó kan tó ń jẹ́ Hikmat bí ló pé ọjọ́ mẹ́jọ lónìí. Alfa tó fẹ́ wá sọ ọ́ lórúkọ ṣì wà níbi ìkómọ mìíràn ní Ilémọ̀nà, ni Alhaja Asiata, ìyá ọkọ Hikmat, bá ní kí wọ́n kọ́kọ́ fún àwọn àlejò ní ẹ̀kọ kí wọ́n fi panu. Nígbà tí Adétọ́lá jókòó, àwọn ẹbí ọkọ rò pé ọ̀rẹ́ ìyàwó láti Poli ni, àwọn ẹbí ìyàwó sì rò pé ará ilé ọkọ ni. Ta ló sì ń bi ẹni tó wá báni ṣayọ̀ pé ta ló pè é? Wọ́n gbé ẹ̀kọ mẹ́ta àti mọ́ínmọ́ín eléwé méjì síwájú rẹ̀ láìbi í pé kí ló fẹ́. Ó rò ó pé bí wọ́n ṣe ń tà á nìyẹn, kò sí àṣàyàn. Ó jẹ ẹ́ tán pátá. Mọ́ínmọ́ín náà dùn.

Ó bi ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ pé èló ni, ìyẹn rẹ́rìn-ín, ó gba ibòmíràn lọ. Lẹ́yìn náà ló rí bàbá kan tó dìde, tó fi owó sínú abọ́ funfun kan tó wà lórí tábìlì. Obìnrin kan tún ṣe bẹ́ẹ̀. Adétọ́lá ní lọ́kàn rẹ̀ pé ètò àwọn ará Ọ̀fà yìí mà dára o, èèyàn á kàn sanwó fúnra rẹ̀. Ó fi ẹgbẹ̀rún náírà kan sínú abọ́, ó tẹ̀ ba láti gbé báàgì rẹ̀.

Ọ̀dọ́kùnrin kan tó mú ìwé àti báírò lọ́wọ́ wà nídìí abọ́ náà. Taofeek ni, àbúrò bàbá ọmọ. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Adétọ́lá dáadáa, ó wá bi í pé:

"Orúkọ wo lẹ fún ọmọ wa?"

Ìgbà yẹn ni ojú rẹ̀ là. Ó rí aṣọ àwọn èèyàn, ó gbọ́ igbe ọmọ jòjòló nínú ilé, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹrù sílẹ̀ sá lọ. Nínú gbogbo ilé tó wà l'Ọ́fà, ilé ìkómọ ló wá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ̀. Ó jẹ́wọ́ kíá, ó ní kí wọ́n má bínú, òun rò pé bùkà ni. Gbogbo abẹ́ àtíbàbà bú sẹ́rìn-ín. Bàbá tó kọ́kọ́ fowó sínú abọ́ ní òun ti ń gbọ́ ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́ láti kékeré, òun ò tíì rí ẹni tó débẹ̀ tó ń wá ẹni tí yóò gbowó lọ́wọ́ rẹ̀.

Adétọ́lá náà rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n jẹ́ kóun máa lọ. Ṣùgbọ́n Alhaja Asiata ti jáde, ó gbé ọmọ sí àyà. Ó ní wọn kì í yọ owó kúrò nínú abọ́ ọmọ, owó kì í sì í wọbẹ̀ láìmú orúkọ dání. Nílé tiwọn sì rèé, ẹni tó bá fẹ́ sọ ọmọ lórúkọ gbọ́dọ̀ gbé e lọ́wọ́, òun ò gba orúkọ tí wọ́n bá jù sọ́mọ òun láti òkèèrè. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ló gbé ọmọ náà lé Adétọ́lá lọ́wọ́.

Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ, Adétọ́lá ò sì mọ ilé yìí rí. Orúkọ ò wọ́n ọn. Nínú ìwé tó fi ń pe àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ nìkan, ó lè fa ogójì yọ, kó sọ ọ̀kan, kó máa bá tirẹ̀ lọ. Àmọ́ orúkọ kan wà tí òun àti Ṣọlá yàn lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi kan tí òjò ń rọ̀, lọ́dún tí wọ́n ṣègbéyàwó, fún ọmọ obìnrin tí wọ́n máa bí. Wọ́n fi pamọ́ bí aṣọ tuntun tó wà nísàlẹ̀ àpótí. Ó ti tó ọdún mẹ́fà báyìí tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ò ti dárúkọ náà sókè. Ọmọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ la ojú kan, ó wò ó, ó tún pa á dé. Gbogbo ogójì orúkọ inú ìwé sá kúrò lórí Adétọ́lá.

"Morẹ́nikẹ́," ó ní.

Taofeek kọ ọ́ sílẹ̀. Alhaja Asiata tẹ̀ mọ́ ọmọ, ó pè é lẹ́ẹ̀mẹta sí i létí. Ó dun Adétọ́lá. Ó dùn ún bí ìgbà tí nǹkan bọ́ lọ́wọ́ èèyàn, àmọ́ kò wù ú kó gbà á padà.

Alhaja wá gbójú sókè, ó bi í pé ta ló ń jẹ́ orúkọ náà nílé wọn.

"Kò tíì sẹ́ni tó ń jẹ́ ẹ, mà. Ọmọ tiwa la fi í dúró dè, kò tíì dé."

Òun ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, ohun tó ti ń sá fún láti ìlú dé ìlú. Ó tẹrí ba, ó ń retí àdúrà. Alhaja Asiata ò gbàdúrà kankan. Ó fa àga, ó jókòó tì í, ó fi ìborùn bo ọmọ náà lẹ́sẹ̀.

"Ojú kan ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó," ó ní. "Gbé e díẹ̀ sí i. Ọwọ́ ti ń ro ìyá rẹ̀."

Ó yíjú sí Taofeek, ó ní kó fa ilà sábẹ́ orúkọ yẹn, òun ni wọ́n á máa pè é nílé. Taofeek rán an létí pé orúkọ tí Baba àgbà mú wá ló ṣáájú nínú ìwé. Alhaja ní òun ò bi í léèrè èyí tó ṣáájú. Hikmat náà ti jáde wá, ó fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn, ó tọ́ orúkọ náà wò lẹ́nu. Ó ní ó dáa, láti ọjọ́ mẹ́jọ ni òun ti ń pe ọmọ ní "ìwọ yìí".

Adétọ́lá ò tíì lè yọ̀. Orúkọ yẹn kì í ṣe tòun nìkan, kò sì béèrè lọ́wọ́ ẹnì kejì kó tó fi tọrẹ. Ó fi ọwọ́ kan di ọmọ mú, ó fi ìkejì pe Ṣọlá lórí fóònù. Ó ní Ọ̀fà lòun wà, níbi ìkómọ àwọn tí òun ò mọ̀ rí, wọ́n ní kóun sọ ọmọ lórúkọ, òun sì ti lo orúkọ wọn.

Ọ̀kadà kan dúró níta, àwọn èèyàn ń kí Alfa káàbọ̀, Taofeek ń wá báírò tó fi há etí ara rẹ̀ kiri. Adétọ́lá rò pé fóònù ti já. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, kò já.

"Ṣé ó bá a mu?" Ṣọlá bi í.

Adétọ́lá wo ọmọ náà. Ó ti sùn padà, ó na ọwọ́ kan jáde nínú ìborùn.

"Ó bá a mu."

"Pè é kí n gbọ́."

Ó gbé fóònù sẹ́bàá etí ọmọ náà, ó sì pè é.