Bírò Pupa Onígbàjámọ̀

Ààbọ̀ orí télọ̀ ni onígbàjámọ̀ fá tán nígbà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin yọjú sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù pé olùtọ́sọ́nà ilé ìwé àwọn ń pè é. Ó pa ẹ̀rọ, ó ní kí télọ̀ jókòó, òun ń bọ̀ kíá. Níbo ni télọ̀ fẹ́ gbé ààbọ̀ orí lọ? Ó jókòó.

Ọjọ́ kẹta rèé tí lẹ́tà ti dé pé Ìyá Àgbà kò ní bá ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde nílé ìwé gírámà. Ìyá Àgbà ni wọ́n ń pe ọmọ náà nílé, nítorí pé láti kékeré ló ti máa ń fọwọ́ lẹ́rán bí ẹni tó ti tọ́ ọmọ mẹ́wàá dàgbà. Ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì kan péré ló kù tí kò ṣe. Ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì sì ti gbà á ná. Ìwé ẹ̀rí nìkan ni wọ́n ń retí, bí kò bá sì mú un dé kí ọdún ẹ̀kọ́ yìí tó parí, ẹlòmíì ni wọ́n máa fún láyè rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni inú ti ń bí onígbàjámọ̀. Kò sí oníbàárà tó jókòó sórí àga rẹ̀ tí kò gbọ́ pé olódo ni ọmọ òun, pé eré ló ń ṣe nígbà tí ojúgbà rẹ̀ ń kàwé. “Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe é, ó jáde wẹ́rẹ́! Kí ló dé tí tiẹ̀ fi yàtọ̀?” Ẹ̀rọ á máa kùn lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tó ń fá lórí á sì máa mi orí fún un, èyí tó léwu púpọ̀. Nígbà tí ìyá ọmọ náà bi í léèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an, ó ní, “Àṣìṣe ni, Mọ́mì.” Kò sọ àṣìṣe ta ni.

Yàrá olùtọ́sọ́nà kéré, àga méjì ló gbà, pẹ̀lú kọ́bọ́ọ̀dù fáìlì tí dúrọ́ọ̀ rẹ̀ kan kọ̀ láti wọlé. Ọmọbìnrin tí kò tíì ju ọgbọ̀n ọdún lọ ni olùtọ́sọ́nà. Ìyá Àgbà dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn.

“Ẹ wò ó, bàbá,” ni olùtọ́sọ́nà wí. “Ẹ̀kọ́ mẹ́rìnlélógún la fẹ́ kí ọmọ ṣe kó tó jáde. Ó ní mẹ́rìnlélógún. Ṣùgbọ́n sáyẹ́ǹsì gbọ́dọ̀ jẹ́ mẹ́ta nínú wọn, méjì péré ló ní.”

“Kí wá lẹ ń ṣe níbí? Ìṣojú yín ni ọmọ ti ṣìnà!”

“Ó yàn án, bàbá. Ọdún kejì ló ti yan kẹ́mísìrì. Ilé ni wọ́n ti fagi lé e. Lọ́dún tó kọjá ó tún padà wá, kíláàsì ti kún.” Ó yọ fọ́ọ̀mù kan, ó tẹ́ ẹ síwájú rẹ̀.

Ìlà pupa kan gba orí Kẹ́mísìrì kọjá. Lókè rẹ̀, ẹnìkan kọ Aṣọ Rírán, ó sì buwọ́ lùwé nísàlẹ̀. Onígbàjámọ̀ mọ ọwọ́ náà. Ó mọ bírò náà. Ẹ̀gbẹ́ dígí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni wọ́n so ó mọ́, òun ló fi ń fagi lé orúkọ àwọn tó bá ti fárí tán.

Ó wá rántí. Orí àga ṣọ́ọ̀bù ló tẹ́ fọ́ọ̀mù ọmọ náà sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, èyí tó ti wà nínú ọ̀rá láti ọjọ́ tí ìyẹn ti jáde. Sáyẹ́ǹsì méjì ni ẹ̀gbọ́n ṣe, ó sì fẹ́ kí tiẹ̀ bá a mu. Ọmọ náà ní, “Dádì, wọ́n ti yí i padà sí mẹ́ta.” Òun náà sì ní, “Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ni?”

Ojú tì í débi pé kò mọ ibi tó máa kọjú sí.

“Kí ló dé tó ò sọ?” Ó bi ọmọ rẹ̀.

“Ẹ ti sọ fún gbogbo èèyàn pé èmi ni, Dádì. Mi ò fẹ́ já yín nírọ́ lójú wọn.”

Onígbàjámọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, ó kúnlẹ̀. “Màdáámù, ẹ dákun. Ẹ fi í sáàárín àwọn ọmọ kékeré. Kó jókòó sílẹ̀. Kó máa gbọ́ ọ láti ojú fèrèsé.”

“Ẹ dìde, bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án la wà, ọ̀sẹ̀ kẹrin la ti pa orúkọ dé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti lọ bẹ ọ̀gá àgbà.” Ojú òun náà ti pọ́n. Ó sún fọ́ọ̀mù ọdún tó ń bọ̀ síwájú wọn.

Ọdún kan gbáko. Onígbàjámọ̀ mú bírò olùtọ́sọ́nà, ó wò ó, ó nà án sí ọmọ rẹ̀. “Ìwọ kọ ọ́.” Ìyá Àgbà kọ Kẹ́mísìrì. Bàbá rẹ̀ buwọ́ lù ú.

Wọ́n jọ ń padà lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Àwọn nọ́ọ̀sì méjì dúró sí ibùdókọ̀ nínú aṣọ funfun. Ọmọ náà yíjú sí òdì kejì títí òun àti bàbá rẹ̀ fi kọjá níbẹ̀.

Télọ̀ ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú ààbọ̀ orí rẹ̀, aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, àwọn mẹ́ta mìíràn sì ti dé. Bó ṣe rí wọn ló ní, “Ìyá Àgbà, o ò bá kúkú ti gbọ́ràn sí bàbá ẹ lẹ́nu!”

“Ó gbọ́,” ni onígbàjámọ̀ wí. “Ó gbọ́ràn sí mi lẹ́nu, òun ló bá a jẹ́. Ọmọ mi kì í ṣe olódo. Ó yan ẹ̀kọ́ náà, èmi ni mo fagi lé e. Bírò yìí ni mo fi ṣe é.” Ó fa bírò pupa náà yọ lára ògiri, okùn rẹ̀ já.

Kò sẹ́ni tó mi orí. Ìyá Àgbà, tí omi kò bọ́ lójú rẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta, mú táwẹ́ẹ̀lì kan, ó fi bo ojú, ó sì bú sẹ́kún bí ọmọ ọdún mẹ́ta.