Ta Ló Sún Ìyá Mi Wọnú?

Mo lá àlá kan lọ́sàn-án àná, lórí àga iṣẹ́ mi níbi tí iyán ti kùn mí lóorun. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o, ẹ jẹ́ kí n parí rẹ̀ ná.

Ẹ ṣáà mọ̀ pé èmi Fọlárìn ni mo ń to ìwé ìtàn ìdílé wa sórí kọ̀ǹpútà. Nínú àlá náà, mo ti dé orí orúkọ àwọn ìyàwó ilé. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe rí: ẹni tó bá kọ́kọ́ wọlé ọkọ ni ìyáálé, kódà kí ọjọ́ orí ẹni tó tẹ̀lé e ju tirẹ̀ lọ. Ìyá mi ló kọ́kọ́ wọlé. Ìyá Gbémi, tó fi ọdún méjì dàgbà jù ú lọ, ló ṣe ìkejì. Mo to orúkọ wọn sísàlẹ̀ ara wọn, mo fi àmì róbótó dúdú síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo wá ń tẹ bọ́tìnnì àlàfo léraléra kí ìlà wọn lè gún. Iṣẹ́ ọ̀lẹ nìyẹn, mo mọ̀.

Bí mo ṣe gbé ọwọ́ kúrò báyìí, orúkọ ìyá mi sọ̀ kalẹ̀, ó rìn wọnú ìwé, ó sì dúró sábẹ́ orúkọ Ìyá Gbémi bí ẹni pé òun ló bí i. Ìyá mi fúnra rẹ̀ yọrí láti inú orúkọ náà.

"Fọlárìn, ta ló sún mi wọnú?"

"Ẹ má bínú, ìyá mi. Àlàfo ni."

"Ọmọ ta ni Àlàfo? Ọjọ́ wo ló wọ ilé yìí tó fi ń tì mí? Agogo méjìlá ni Baálé máa lu òǹtẹ̀ sórí ìwé yìí o. Bí ó bá bá mi níbí, ìyàwó Ìyá Gbémi ni mo dà títí láé nìyẹn!"

Mo gbéra, ó di ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń tún ìlà ṣe. Òkè igi máńgòrò ni ọ́fíìsì náà léfòó sí, mo sì fi okùn iná kọ̀ǹpútà gòkè, ọ̀nà tí gbogbo èèyàn ń gbà náà nìyẹn. Ọ̀gá ibẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Látúndé, wọ kóòtù, ó fi ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀.

"Fọ́ọ̀mù rẹ dà?"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìyá mi ni wọ́n sún."

"Fọ́ọ̀mù ìyá sísún ni mo ń bèèrè."

Ẹnu èyí ló wà tí ìwo fi hù lórí rẹ̀, tí irùngbọ̀n rẹ̀ sì gùn, ó di òbúkọ. Ó gba ìwé ìdílé tí mo mú dání, ó ń ṣa àwọn àmì róbótó jẹ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo kí i pé ẹ kú oúnjẹ.

Àmì kan bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó fò sí èjìká mi. "Má dá òbúkọ lóhùn," ló wí. "Àlàfo méjì ló ń sún èèyàn. Ọ̀kan ń jẹ́ Ìta, ó ń tì láti ẹ̀yìn àpótí orúkọ; èkejì ń jẹ́ Inú, ó ń tì láti inú àpótí náà. Bí o bá dá ẹyọ kan dúró, èkejì á máa tì lọ."

Mo wẹ̀yìn, mo rí gìrìpá méjì, Ìta àti Inú fúnra wọn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi. Mo jágbe mọ́ Ìta, ó dúró. Inú kò tilẹ̀ wojú mi, ó tún ti ìyá mi wọnú sí i. Agogo méjìlá bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

"Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́," ni ìyá mi pariwo. "Ìwọ wà nídìí kọ̀ǹpútà, ìlà ìyá rẹ wọ́!"

Ìtìjú mú mi. Mo bá ṣí ìwé òfin ìrísí, ewé kan ṣoṣo tí àwa oníkọ̀ǹpútà fi ń pàṣẹ fún gbogbo ojú ìwé lẹ́ẹ̀kan náà. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé níbikíbi tí a bá ti to orúkọ, kí Ìta má sún ẹnikẹ́ni rárá, kí Inú sún gbogbo wọn ní ìwọ̀n ìka méjì péré, kí àmì róbótó sì dúró níwájú olówó rẹ̀.

Àwọn gìrìpá méjèèjì káwọ́ gbera. Láti ojú ewé kìíní dé ìgbẹ̀yìn, gbogbo orúkọ fò padà sí ìlà, ó gún régé. Àwọn àmì róbótó tú jáde lẹ́nu òbúkọ, oníkálukú sáré lọ síwájú ẹni tó ni ín. Ìyá mi gòkè pátápátá, Ìyá Gbémi tẹ̀lé e, òǹtẹ̀ Baálé sì balẹ̀ gbì! Ayọ̀ kún inú mi, mo ń jó lórí òrùlé ọ́fíìsì, mo ń pariwo pé mo ti ṣe é.

"Fọ́ọ̀mù ijó dà?" ni òbúkọ bèèrè.

Ariwo ara mi ló jí mi. Lẹ́yìn fèrèsé, ìyá mi àti Ìyá Gbémi jókòó sórí bẹ́ńṣì, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí. Oòrùn ti ká Ìyá Gbémi mọ́ etí bẹ́ńṣì.

"Ìyáálé mi," ló wí, "ẹ dákun, ẹ sún wọnú díẹ̀."

Ìyá mi kò gbójú sókè nínú ẹ̀gúsí rẹ̀.

"Ìyàwó, èmi ò sún mọ́ o. Wọ́n ti sún mi tó lónìí."