Agolo Oògùn Toheebat

Àṣìkẹ́ mú Toheebat, ọmọ rẹ̀ tí ikọ́ fée ń bá jà, wọkọ̀ láti Ìgbógila lọ sí ọsibítù ní Ìlaròó. Níwájú nọ́ọ̀sì, ó fa agolo oògùn fífẹ́ sẹ́nu tí wọ́n fún wọn lóṣù méjì sẹ́yìn yọ nínú báàgì, inú rẹ̀ ń dùn.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ wò ó, ó ṣì kún dẹ́múdẹ́mú! Mi ò fi ṣòfò. Àfi tí èémí ẹ̀ bá há ni mo máa ń fún un."

Nọ́ọ̀sì mi orí. "Ìyá Toheebat, ìgbà tí èémí bá há ní oògùn tiẹ̀ lọ́tọ̀. Ti àràárọ̀ lèyí, kí èémí má baà há rárá. Ṣé ìgbà tí koríko bá bo ẹ̀gẹ́ yín tán lẹ máa ń ro ó ni?"

Ọ̀rọ̀ náà dun Àṣìkẹ́ wọra. Òun tó máa ń bú gbogbo ẹni tí oko ẹ̀ bá digbó!

Láti ọjọ́ náà, Toheebat ò gbọdọ̀ fọyín láàárọ̀ láìkọ́kọ́ fa oògùn, ara ọmọ ìbáà le bí òkúta.

Lọ́jọ́ tí wọ́n dá fún wọn láti padà wá gan-an, Toheebat ló sáré wọlé ṣáájú. Àṣìkẹ́ tẹ̀ lé e, ó na agolo náà sókè.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ wò ó! Ó ti tán!"