Ẹsẹ̀ Mẹ́rin, Ìdílé Márùn-ún

Òfìfo ni ìwé tí Ìyá Xiaoman fà jáde nínú akẹtẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣẹ́ kèké. Ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, bóyá ibẹ̀ ni wọ́n kọ nǹkan sí. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

"Ó ti parí náà nìyẹn," ni Luo, olórí ẹgbẹ́ iṣẹ́, wí. Kò lè wo ojú rẹ̀. "Ẹsẹ̀ mẹ́rin ni màlúù ní. Ìdílé márùn-ún sì ni yín."

Láti ìgbà tí wọn kò tí ì bí Xiaoman ni ilẹ̀ abúlé wọn ní agbègbè Anhui ti jẹ́ ti gbogbo wọn pọ̀. Agogo ló ń pè wọ́n lọ sóko, agogo ló ń pè wọ́n wálé. Ṣùgbọ́n àṣẹ tuntun ti dé báyìí: kí ìdílé kọ̀ọ̀kan máa dá oko tirẹ̀ ro. Láàárọ̀, wọ́n fi okùn wọn ilẹ̀. Ẹ̀bá odò ni ti Ìyá Xiaoman bọ́ sí. Ó bu erùpẹ̀ ibẹ̀ sọ́wọ́, ó gbóòórùn rẹ̀ bí ẹni ń gbóòórùn orí ọmọ tuntun, ẹnu rẹ̀ kò sì gba ọpẹ́.

Ó wá ku màlúù. Wọn kò lè là á, ni wọ́n bá pín in ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ní ẹsẹ̀ kan yóò máa fi túlẹ̀ nígbà tó bá kàn án. Ẹni tí kò bá ní, èjìká ara rẹ̀ ni yóò fi fa ohun ìtúlẹ̀. Opó sì ni Ìyá Xiaoman, òun àti ọmọbìnrin kékeré kan.

"Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni tèmi o!" Ìyá Dongsheng, aládùúgbò rẹ̀, ń jó.

"Ìyẹn ló máa ń tani nípàá," ni Bàbá Geng, àgbà inú wọn, dá a lóhùn. "Ó bá ìwà rẹ mu."

Ìyá Xiaoman bá wọn rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló lọ tú màlúù tó ti ń bọ́ láti ìgbà tí ẹran náà ti wà lọ́mọ, ó sì na okùn rẹ̀ sí wọn. "Ẹ máa fi iyọ̀ díẹ̀ sómi rẹ̀ o," ló wí.

Kò sẹ́ni tó gba okùn.

"Ẹsẹ̀ la pín," ni Bàbá Geng wí, ó fa páìpù rẹ̀. "A ò tí ì pín ẹnu."

"Bàbá, ẹnu kì í túlẹ̀," ni Luo wí.

"Tí ẹnu ò bá jẹun, ẹsẹ̀ wo ló fẹ́ túlẹ̀? Lọ́dún ọ̀dá yẹn, nígbà tí koríko tán, kí ni màlúù yìí jẹ?"

Ìyá Dongsheng wolẹ̀. Bàbá Geng ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ:

"Ìyá Xiaoman ló ni ẹnu. Tó bá kan ẹnu, kó fi túlẹ̀ bíi tiwa. Ẹni tí kò bá gbà, kó gé ẹsẹ̀ tirẹ̀, kó gbé e lọ sílé!"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Luo gba ìwé òfìfo náà lọ́wọ́ Ìyá Xiaoman, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀: Ẹnu.

Nígbà tí oòrùn ń rọlẹ̀, Ìyá Xiaoman so màlúù mọ́ iwájú ilé rẹ̀. Kò pẹ́ tí Bàbá Geng àti Ìyá Dongsheng fi dé, tí wọ́n ru ìdì koríko ìrẹsì gbígbẹ. Wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ ṣé o, Bàbá. Ẹ ṣé gan-an." Ó yára tú ìdì kan, ó gbé e sí màlúù lẹ́nu.

"Má fún un!" Bàbá Geng pariwo. "Èyí tó jẹ lọ́jọ́sí náà ti tó! Ti òrùlé rẹ nìyẹn."

Màlúù na ahọ́n rẹ̀ títí, kò kàn án. Ìyá Xiaoman dúró, ó gbá koríko náà mọ́ àyà. Ìyá Dongsheng ti ń gbé àkàbà ti ògiri. Ìyá Xiaoman gbójú sókè, sí ihò òrùlé tó wà ní ọ̀gangan ibùsùn wọn, ibi tí òun fúnra rẹ̀ ti ń fa koríko yọ díẹ̀díẹ̀ fún màlúù lọ́dún ọ̀dá. Láti ọjọ́ náà wá, ó ti rò pé inú ilé nìkan ni èèyàn ti lè rí i.