Wáìnì Philomène àti Ẹja Anthelme

Gbogbo Sátidé ni Anthelme máa ń sọdá títì wá ra wáìnì funfun lọ́wọ́ Philomène. Opó ni Philomène. Òun fúnra rẹ̀ ló ń gbin àjàrà, òun náà ló ń fi í ṣe wáìnì, ní abúlé Apremont lábẹ́ òkè Granier. Bí Anthelme bá ti kí i tán, yóò ròyìn bí ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ṣe bá oúnjẹ lọ.

"Mo fi jẹ ẹja adágún, Màdáámù. Ẹ ò rí i bí wọ́n ṣe bára wọn mu! Ṣùgbọ́n pẹ̀lú ẹran ẹlẹ́dẹ̀ gbígbẹ, ó kan díẹ̀."

Philomène gba gbogbo rẹ̀ gbọ́. Bí àwọn oníbàárà láti Paris bá bi í pé oúnjẹ wo ló bá wáìnì náà lọ, ohun tí Anthelme sọ ni yóò sọ fún wọn, tìgboyàtìgboyà.

Ohun kan ṣoṣo ni kò dá a lójú: ṣé nítorí wáìnì ni ọkùnrin yìí ṣe ń wá ni, àbí nítorí òun?

"Nítorí wáìnì ni," Clotilde àbúrò rẹ̀ ń fi í rẹ́rìn-ín. "Ẹ pè é wá jẹun, Àǹtí mi, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ẹ̀yin ni yóò máa wò tàbí ìgò."

Philomène pè é. Ó yọ́ wàràkàṣì pẹ̀lú wáìnì sínú ìkòkò, ó gé búrẹ́dì, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jókòó yí i ká, oníkálukú ń fi fọ́ọ̀kì gígùn ti búrẹ́dì bọ inú rẹ̀. Ìgò ni Anthelme ń wò. Kò gbé ojú kúrò lára rẹ̀. Ọkàn Philomène rẹ̀wẹ̀sì.

Bí Anthelme ṣe ń wo ìgò ni búrẹ́dì rẹ̀ já sínú ìkòkò.

"Ó ti já!" Clotilde pàtẹ́wọ́. "Ẹ mọ òfin, Ọ̀gbẹ́ni Anthelme. Ẹni tí tirẹ̀ bá já ni yóò gbé ìgò wáìnì wá láti ilé rẹ̀."

"Ẹ jẹ́ kí n fọ abọ́ dípò rẹ̀."

"Abọ́ kẹ̀! Àbí ẹ ti mu èyí tẹ́ ẹ rà láàárọ̀ yìí tán ni?"

Anthelme dìde bí ẹni tí wọ́n pè ní kóòtù. Nígbà tí kò tètè padà, Philomène sọdá lọ wò ó. Ó bá a nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀. Ìgò kún ibẹ̀ dé òkè, ti ọdún yìí, ti èṣí, ti ìdúnta, orúkọ Philomène lára gbogbo wọn, kò sì sí ọ̀kan tí wọ́n ṣí. Anthelme dúró láàárín wọn, ó ń wá èyí tí eruku rẹ̀ kéré jù.

"Dókítà ló ní kí n má mu ún mọ́," ó wí. "Ó ti pẹ́."

"Kí wá lẹ ń rà á fún?"

Anthelme wo bàtà rẹ̀. "Ẹ kì í ta nǹkan mìíràn."

Inú Philomène kọ́kọ́ dùn. Lẹ́yìn náà ló wá ro ọ̀rọ̀ náà dáadáa, inú sì bí i.

"Wáìnì tó yẹ kéèyàn mu nígbà tó ṣì tuntun! Ẹ̀yin wá jẹ́ kó gbó síbí! Ẹja yẹn wá ńkọ́?"

"Mo jẹ ẹja náà, Màdáámù."

"Kí lẹ mu sí i?"

"Omi."

"Omi! Gbogbo àwọn ará Paris ti ń fi wáìnì mi jẹ ẹja nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu yín!"

"Ṣé wọ́n ráhùn ni?"

Philomène ronú. Kò sẹ́ni tó ráhùn. Ṣe ni wọ́n ń padà wá rà sí i.

Ó gba ìgò lọ́wọ́ rẹ̀. "Sátidé tó ń bọ̀, ẹ má ra nǹkan kan. Ẹja ni kẹ́ ẹ mú wá. A jọ máa jẹ ẹ́, èmi á sì mu wáìnì, kí n lè mọ bí irọ́ yín ṣe tó."

"Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ńkọ́?"

"Ìyẹn di Sátidé tó tẹ̀ lé e."