Ẹni Tí A Ó Pè

Pupa tún yọ lójú kọ̀ǹpútà. Ignatius tẹ nọ́ńbà náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ìka kan ṣoṣo ló fi ń rọra tẹ̀ ẹ́, bí ẹni tó ń tẹ oówo wò. Pupa tún yọ.

"Bàbá, kí ló dé?" Tolúlọpẹ́ béèrè láti orí àga kejì. Òun ni ọmọbìnrin tí wọ́n rán wá láti Àkúrẹ́ pé kó wá kó gbogbo káàdì ilé ìwòsàn kékeré yìí, lójú ọ̀nà Iyere, sínú ẹ̀rọ. Ọmọ Ìkírè ni, èdè Ọ̀wọ̀ kò yé e, àmọ́ kò sí ohun tó ṣòro fún un lára kọ̀ǹpútà.

"Kò gba nọ́ńbà yìí," Ignatius wí. "Bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni."

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ́, òun náà sì mọ̀.

Tolúlọpẹ́ na ọrùn, ó ka ohun tí ẹ̀rọ kọ síbẹ̀. "Ó ní nọ́ńbà yìí ti wà fún ẹni mẹ́ta. Kì í gbà ju mẹ́ta lọ. Àwọn akọ̀wé ibì kan ló fà á, nọ́ńbà ara wọn ni wọ́n ń kọ fún gbogbo aláìsàn kí iṣẹ́ lè tètè tán." Ó wo káàdì tó wà lọ́wọ́ Ignatius. Ó wo nọ́ńbà ibẹ̀, èyí tí òun fúnra rẹ̀ máa ń pè láàárọ̀ bó bá fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ti ṣílẹ̀kùn. "Bàbá. Ṣé nọ́ńbà yín kọ́ nìyí?"

Ignatius da ojú káàdì náà dé. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti lò nínú yàrá káàdì yìí, débi pé àwọn èèyàn kò mọ orúkọ rẹ̀ mọ́. Bàbá Káàdì ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Kò purọ́ sínú ìwé rí, àfi èyí. Lórí káàdì èèyàn méje, níbi tí wọ́n ti kọ "Ẹni tí a ó pè", orúkọ tirẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ kò gba ọgbọ́n kankan. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Oyèníyì gun ọ̀kadà wá láti Arimogija, àtọ̀gbẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e lọ. Nọ́ọ̀sì béèrè ẹni tí wọn ó pè bí ọ̀rọ̀ bá le. Ó ní kò sí. Nọ́ọ̀sì ní irọ́ ni, kò sí ẹni tí kì í lẹ́nì kan, ó sì ti káàdì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Láti àárọ̀ títí di ọ̀sán ni ọkùnrin náà fi jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó ń wolẹ̀. Ara Ignatius kò gbà á mọ́. Ó fa káàdì yọ, ó kọ orúkọ ara rẹ̀, ó kọ nọ́ńbà rẹ̀; níbi tí wọ́n ti ń béèrè ìbátan, ó kọ "àbúrò".

Lẹ́yìn náà ni àwọn tó kù dé lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó yẹ káàdì wọn wò. Bí nọ́ọ̀sì bá sì pe nọ́ńbà náà, Ignatius á lọ. Ó ti gbóúnjẹ lọ, ó ti bá wọn fọṣọ. Yàtọ̀ sí àwọn méje yìí, ìyá arúgbó kan wà rí, ará Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀, tí Ignatius jókòó tì títí ẹ̀mí fi bọ́ lára rẹ̀. Òun náà ló tẹ̀lé òkú ìyá náà délé.

Ká má parọ́, inú rẹ̀ máa ń dùn bí wọ́n bá pè é. Láti ọdún mẹ́ta tí Olúyẹ́misí ìyàwó rẹ̀ ti kú, fóònù rẹ̀ kì í dún àfi nítorí iṣẹ́ àti àwọn méje wọ̀nyí. Adébánjọ, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, wà ní Kánádà. Nọ́ńbà rẹ̀ kò lọ mọ́ láti èṣí, kò sì pe bàbá rẹ̀ kó fún un ní òmíràn. Ignatius kì í bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Èèyàn laṣọ mi, làwọn àgbà wí. Òun mọ̀ pé ìhòòhò lòun wà, ó kàn ń gba ẹ̀gbẹ́ ògiri rìn ni.

"Mi ò ní fẹjọ́ yín sùn," Tolúlọpẹ́ wí, ohùn rẹ̀ rọ̀. "Àmọ́ mẹ́ta náà ni yóò gbà. Ẹ yan mẹ́ta nínú àwọn méjèèje, a lè yí àwọn tó ti wọlé padà. Aago mẹ́rin òní ni wọ́n máa ti ẹ̀rọ náà. Ẹni tí káàdì rẹ̀ kò bá wọlé, tó bá dọ̀la, wọ́n á ní àwọn ò mọ̀ ọ́n rí."

Ignatius tẹ́ káàdì méjèèje sórí tábìlì. Ìka kò dọ́gba lóòótọ́, àmọ́ èwo lèèyàn fẹ́ gé níbẹ̀? Ó mú Oyèníyì, nítorí pé àtọ̀gbẹ lè dá a dùbúlẹ̀ nígbàkigbà. Ó mú afọ́jú ará Iyere, ó mú ọkùnrin kan tí wárápá ń ṣe. Fún àwọn yòókù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi fóònù bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n jẹ́ ẹni tí a ó pè. Ó bẹ Múdàṣírù télọ̀ nítorí bàbá kan tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Ó bẹ olùkọ́ ìjọ nítorí àwọn opó méjì. Wọ́n gbà. Ó wá ku Àbẹ̀ẹ́bí.

Àbẹ̀ẹ́bí wà lórí bẹ́ǹṣì níta, ó ń dúró kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ wò. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Ọmọ mẹ́rin ló bí, ojú rẹ̀ ni wọ́n sì ṣe sin gbogbo wọn. Ignatius sọ fún ara rẹ̀ pé nítorí pé ó ṣì lágbára lòun ṣe yọ ọ́ sílẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fi ń rìn wá. Irọ́ ni. Ó yọ ọ́ sílẹ̀ nítorí pé ó mọ̀ pé kò ní bínú, ìyẹn ló sì dùn ún jù.

Ó jáde lọ bá a, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀. "Ìyá, wọ́n ní mi ò lè jẹ́ ọmọ yín nínú ìwé mọ́."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ̀rọ ni."

"Ṣé ẹ̀rọ náà mọ̀ pé ìwọ lo pọ̀n mí lọ́jọ́ tí mo ṣubú?"

"Kò mọ̀, ìyá."

Ignatius ń retí pé kó bú òun, ìbá sàn. Obìnrin náà kàn mi orí, ó ní kí wọ́n kọ Afeezat, tó ń ta kẹrosíìnì níwájú ilé òun. Èèyàn dáadáa ni, àmọ́ kì í gbélé. Ó dìde, ó tẹ̀lé Ignatius wọlé kó lè rí bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Ignatius wá nọ́ńbà Afeezat jáde, Tolúlọpẹ́ tẹ̀ ẹ́ wọlé. Ignatius gbé káàdì náà, ó ka orúkọ ara rẹ̀ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sọ ọ́ sínú àpò káàdì àtijọ́ pẹ̀lú àwọn tó kù.

"Ó ku tiyín, Bàbá," Tolúlọpẹ́ wí.

Orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ pàápàá gbọ́dọ̀ wọ inú ẹ̀rọ kí aago mẹ́rin tó lù. Láti ọjọ́ Ajé ni Ignatius ti ń yẹ tirẹ̀ sílẹ̀. Nínú fáìlì àtijọ́, Olúyẹ́misí ṣì wà níbẹ̀.

"Ẹni tí a ó pè?"

Ó wo aago ara ògiri. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Ó ti bi ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ní ìbéèrè yìí, kò sì mọ̀ pé báyìí ló ṣe le tó.

"Fi ibẹ̀ sílẹ̀ ná."

"Kò ní gbà, Bàbá. Kò gba òfìfo."

Àbẹ̀ẹ́bí fi èdè Ọ̀wọ̀ béèrè ohun tí ọmọ náà ń wí. Ignatius fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò jáde. "Ó ní ta ni kí wọ́n pè bí nǹkan bá ṣe mí."

"Ta wá ni?"

"Kò sí, ìyá."

Kò sọ ọ́ síta rí. Bó ṣe sọ ọ́ ni omi dé sí i lójú, kò sì rí ibi yíjú sí nínú yàrá kékeré náà. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Ó rí Àbẹ̀ẹ́bí tó ń tú etí ìró rẹ̀, ó ń tú u pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì yọ fóònù kékeré kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà lóṣù tó kọjá. Àbẹ̀ẹ́bí kò mọ nọ́ńbà ara rẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló wà nínú fóònù náà, bọ́tìnnì kan ni wọ́n kọ́ ọ pé kó tẹ̀ lọ́jọ́ tí ọ̀ràn bá dé. Kò tíì tẹ̀ ẹ́ rí.

Ó tẹ̀ ẹ́.

Fóònù Ignatius dún nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀. Ó yọ ọ́, nọ́ńbà tí kò mọ̀ rí ló ń tàn lójú rẹ̀. Ó ń kà á sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, Tolúlọpẹ́ ń tẹ̀ ẹ́ bó ṣe ń kà á.

Pupa kò yọ. Nọ́ńbà náà kò tíì sí lórúkọ ẹnikẹ́ni rí.

Fóònù ṣì ń dún. Àbẹ̀ẹ́bí gbé tirẹ̀ sétí, ó dúró gbọnin, ó ń wò ó, ó ń retí kí ẹnì kan dáhùn. Ignatius gbé e.